Páànù Orí Ilé, Páànù Ilé Ìdáná

Ẹ̀yin ará wa ní Ìṣùà, ẹ̀yin ará Ẹ̀pìnmì, Ìfira, Ìpè àti Ṣóṣan, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọ̀kà àti ní Ìkàrẹ́, tí ẹ ń palẹ̀ ọjà mọ́ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí rédíò máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ó dúró sí lónìí, ọ̀rọ̀ náà sì wà lókè orí yín níbi tí ẹ jókòó sí yẹn. Ẹ gbójú sókè. Páànù ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló dá a sílẹ̀. Tíṣà wọn kọ orúkọ nǹkan mẹ́fà lédè Gẹ̀ẹ́sì sójú pátákó, ó ní kí àwọn ọmọ lọ ya àwòrán wọn wá láti ilé. Ìkẹrin nínú wọn ni 'pan'. Ọmọ wa ya ilé. Ó ya ògiri, ó ya ilẹ̀kùn, ó ya fèrèsé méjì, ó wá fi pẹ́ńsù fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ sórí ilé náà, ó fa ọfà kan wá síbẹ̀, ó kọ 'pan' gàdàgbà. Báírò pupa gba àárín ilé náà kọjá. Òdo. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń dín ẹyin ló yẹ kó yà.

Ó gbé ìwé náà wá bá mi, omi ti lé ròrò lójú ẹ̀. Ó ní, "Dádì kékeré, ṣé páànù kọ́ ló wà lórí ilé wa ni?" Mo ní páànù ni. Ó ní, "Ṣé Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni páànù ni?" Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ní, "Kí ni mo wá ṣì?" Mo ní kó lọ jẹun. Àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ bá tì, oúnjẹ ló máa ń rán ọmọdé lọ jẹ.

Ọmọ jẹun, ó sùn. Èmi ni mi ò rí oorun sùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí àwa fúnra wa ṣe ń lò ó. Ohun tó bo orí ilé, páànù. Ohun tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn ilé adìẹ, páànù. Èyí tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilé ìwẹ̀ ká kí ojú má baà wọlé, páànù. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù lẹ́bàá títì tó lọ sí Ìbílò, ìsọ̀ onípáànù. Abọ́ tó jẹ́ pé tí ọmọ bá jù ú sílẹ̀ kò ní fọ́, yóò kàn dún gbàràmù tí gbogbo ilé á bú ọmọ náà, abọ́ páànù nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára abọ́ tánganran àti abọ́ rọ́bà. Furaipáànù wà ní ilé ìdáná. Ẹ má fi ti panẹ́bítà tó ń tẹ ara mọ́tò kún un o. 'Panel' ni tiẹ̀, ìyẹn ò sì bá 'pan' tan níbì kankan. Aṣọ ni ìyá ńlá ọ̀rọ̀ yẹn ní èdè Látìnì, òun náà ló bí 'pane' tó jẹ́ gíláàsì ojú fèrèsé. Ẹbí ọ̀tọ̀ ni wọ́n, orúkọ ló kàn jọra.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ṣú bọ̀ láti apá Ìbílò, ìyá mi á pariwo láti ilé ìdáná: "Ẹ gbé páànù sábẹ́ páànù o!" Kò sẹ́ni tó ń béèrè èwo ni èwo. A ó sáré gbé abọ́ ńlá tí wọ́n fi ń fọṣọ, a ó gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Omi àkọ́kọ́ á pọ́n nítorí ìpáàrà, a ó dà á nù. Ìkejì á ṣì kó ewé gbígbẹ àti ìgbẹ́ ẹyẹ wá, a ó da ìyẹn náà nù. Ìkẹta la ó tó gbà. Páànù òkè á máa da omi sínú páànù ilẹ̀, ohùn wọn ò sì jọra rárá: tòkè ń hó yàà, tilẹ̀ ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ títí omi á fi bo ìdí ẹ̀, tí ohùn náà á wá rọlẹ̀. Láti inú yàrá, láìgbójú síta, ìyá mi a máa mọ ìgbà tí abọ́ bá ti kún.

Páànù méjì, orúkọ kan. Báwo ló ṣe jẹ́?

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, 'pan' ti pẹ́ láyé. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tó ti wà lẹ́nu wọn. 'Panne' ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà náà. Àwọn ará Jámánì ní 'Pfanne', àwọn ará Họ́lańdì ní 'pan' gẹ́gẹ́ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè ló ń fura pé láti inú 'patina' ti èdè Látìnì ni gbogbo wọn ti bù ú, abọ́ pẹrẹsẹ sì ni ìyẹn náà. Abọ́ tí kò jìn, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìrísí yẹn sọ́kàn, torí òun ni ọ̀rọ̀ náà ń tẹ̀ lé kiri láti ọjọ́ náà wá.

Ibi tí omi iyọ̀ bá tẹ́ sí lórí ilẹ̀, tí oòrùn fà á gbẹ tí iyọ̀ ṣẹ́kù, 'pan' ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ líle tó tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ erùpẹ̀, tí gbòǹgbò iṣu kò lè gún kọjá, 'pan' ni. Egungun tó gbé ọpọlọ dúró, 'pan' ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́, kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu: àwa náà ń sọ pé akòtò agbárí, bẹ́ẹ̀ igbá ni akòtò. Egungun ribiti tó bo ojú orúnkún, tí àwọn dókítà ń pè ní 'patella', ọmọ ìyá kan náà ni; abọ́ kékeré ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní Látìnì. Ẹ ò rí i pé gbogbo wa ló gbé abọ́ méjì dání sí ẹsẹ̀, tí a sì ń fi wọ́n kúnlẹ̀ kí àgbà.

Àwọn ọdẹ wa tó ń gbé ṣakabùlà á gbádùn èyí tó kàn. Ìbọn àtijọ́ ní abọ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń da ẹ̀tù díẹ̀ sí kí iná tó kọ́kọ́ mú níbẹ̀ tó lè ran ti inú ìbọn. Nígbà mìíràn iná á bù yẹ̀rì nínú abọ́ náà, ọta ò ní jáde, ẹran á ti sá lọ. Orúkọ abọ́ yẹn náà ni 'pan'. Láti ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí àpèjúwe fún ẹni tó tàn yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá dé Ìtagúnmódì nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, ẹ ó rí àwọn tó ń fi abọ́ pẹrẹsẹ yí erùpẹ̀ po nínú omi: erùpẹ̀ á ṣàn lọ, wúrà tó wúwo á dúró sísàlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì sọ orúkọ abọ́ náà di orúkọ iṣẹ́ náà.

'Pan' kan tún wà tí kì í ṣe ọmọ ilé yìí, ó kàn gbé orúkọ kan náà wọ̀lú ni. Tiẹ̀ ti èdè Gíríìkì wá, 'gbogbo' sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òun ló wà nínú 'Pan-African'. Ọkùnrin kan láti Trinidad, Henry Sylvester Williams, agbẹjọ́rò, ló pe àpérò àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù keje ọdún 1900, kí àwọn ènìyàn dúdú láti ibi gbogbo lè jókòó pọ̀. Ẹ fi Trinidad sọ́kàn. A ó padà débẹ̀, páànù tòótọ́ ló sì máa mú wa débẹ̀.

Kí àwa tó gbé 'pan' gun orí ilé, àwọn ará Họ́lańdì ti gbé e gùn ún. 'Dakpan' ni wọ́n ń pe amọ̀ sísun tí wọ́n fi ń bo ilé, ìyẹn ni pé abọ́ orí òrùlé. Nítorí amọ̀ náà tẹ̀ kolobo, bí ìgbà tí wọ́n to àwo lé ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sọ ọ́ di 'pantile'. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìrísí náà ṣì ni. Amọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, kò sí irin kankan níbẹ̀, síbẹ̀ torí pé ó tẹ̀ bí abọ́, ó di 'pan'.

Tiwa kì í ṣe amọ̀. Henry Robinson Palmer, onímọ̀ ẹ̀rọ fún iléeṣẹ́ tó ni èbúté ọkọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló gbàwé àṣẹ lórí irin onígbì bíi ti òrùlé wa ní 1829. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan rárá. Ẹ mú bébà kan nísinsìnyí, ẹ dì í mú létí kan ṣoṣo: yóò tẹ̀ dorí kodò. Ẹ wá ká a síwá sẹ́yìn bí abẹ̀bẹ̀, ẹ tún un dì mú: ó dúró gbọnin. Bébà yẹn náà ni o, ẹ ò fi nǹkan kan kún un. Ìdí nìyẹn tí irin tí kò nípọn tó èékánná ṣe lè gba orí igi dé orí igi láìtẹ̀.

Ṣùgbọ́n irin àti omi kì í ṣọ̀rẹ́. Ní 1837, Stanislas Sorel, ará Faransé, gbàwé àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe ń ri irin bọ inú síǹkì yíyọ́. Síǹkì yẹn ló ń kú ikú irin: omi àti atẹ́gùn á máa jẹ òun díẹ̀díẹ̀, irin á máa wò. Ọjọ́ tí síǹkì bá tán ni páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ẹni tó bá ti gun ilé ìṣọ́ Bower tó wà ní Òkè Àárẹ̀ n'Ìbàdàn, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1936, ti rí ohun tó ń jẹ́ páànù tí síǹkì rẹ̀ ti tán.

Ìdí rèé tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe òrùlé ní 'zinc': awọ ara rẹ̀ ni wọ́n rí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn òyìnbó fúnra wọn ń pè é ní 'tin', tin ò sì sí níbẹ̀ rárá. Ta ni yóò wá fún wọn ní òdo tiwọn?

Òyìnbó kì í ṣe ẹni tó gbádùn ilé páànù nígbà tó kọ́kọ́ dé Èkó. Richard Burton, arìnrìn-àjò aláròká tí ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ rí, gba Èkó kọjá, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1863. Ó rí ilé tí wọ́n fi irin onígbì kọ́ fún kọ́ńsù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó ní pósí ni. Ooru ibẹ̀ àti ikú tó ń pa àwọn kọ́ńsù ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ti sun oorun ọ̀sán rí lábẹ́ páànù tí kò ní àjà, nínú oṣù kejì sí ìkẹta, ní Ìṣùà níbí, kò ní sọ pé ó purọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ tiwa, a yí ojú rẹ̀ padà. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì ń wo ìrísí: ohun tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì ní inú, 'pan' ni, ìbáà jẹ́ amọ̀, ìbáà jẹ́ egungun, ìbáà jẹ́ ilẹ̀. Àwa ń wo ara nǹkan: ohun tó bá ti jẹ́ irin fẹ́lẹ́, páànù ni, ìbáà jẹ́ abọ́, ìbáà jẹ́ ògiri, ìbáà jẹ́ òrùlé. Abọ́ irin ni òyìnbó nà sí wa tó ní 'pan' ni. Òun ń sọ̀rọ̀ abọ́, àwa gbọ́ irin. Ìgbà tí irin yẹn kan náà wá dé ní pẹlẹbẹ, tó ga ju ènìyàn lọ, kò sẹ́ni tó ní láti wá orúkọ mìíràn fún un.

Àwọn Haúsá náà ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí pé a jọ gbìmọ̀ pọ̀. 'Kwano' ni wọ́n ń pe abọ́ irin tí wọ́n fi ń jẹun, 'kwano' náà ni òrùlé. Ẹni tó bá ti ṣe káràkátà dé Ọ̀kéné tàbí Lọ́kọ́ja, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn Haúsá tó wà níbẹ̀.

Ta ló wá mú 'pan' dé ọ̀dọ̀ wa? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sọ pé àjẹ́lẹ̀ òyìnbó ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí Freetown ní Sàró. Lédè Krio tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, irin tí wọ́n fi ń bo ilé ni 'pan', ilé tí wọ́n sì fi páànù ṣe láti òkè dé ilẹ̀, 'pan bodi' ni wọ́n ń pè é: ilé tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ páànù. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ló pọ̀ lára àwọn tí ìran Krio ti ọ̀dọ̀ wọn ṣẹ̀. Láti 1839 lọ ni wọ́n ti ń wọkọ̀ padà wálé, sí Bàdágírì, sí Abẹ́òkúta, sí Èkó. Àwọn la mọ̀ sí Sàró. Wọ́n kó Bíbélì wá, wọ́n kó abẹ́rẹ́ àti ẹ̀rọ ìránṣọ wá, wọ́n kó ọ̀nà ilé kíkọ́ wá. Tèmi ni pé inú ẹrù wọn ni páànù náà wà, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ tó ti yí padà kó tó gúnlẹ̀. Ẹni bí àwa ló yí i fún wa.

Trinidad rèé, mo ní a ó padà débẹ̀. Níbẹ̀ náà, agolo wàrà ni 'pan', garawa kẹrosíìnì ni 'pan'. Irin fẹ́lẹ́ náà ṣì ni. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ìlù lílù lópòópónà erékùṣù náà lẹ́yìn ìjà ọdún 1881. Àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀, tí ọmọ Yorùbá wà láàárín wọn, tí wọ́n sì ń bọ Ṣàǹgó títí dòní, mú ọparun, wọ́n ń gbá a mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n bọ́ sórí ìdérí garawa ìdọ̀tí, agolo ọ̀dà, àti dúrọ́ọ̀mù epo rọ̀bì. Wọ́n fi òòlù lu ojú dúrọ́ọ̀mù náà wọnú, wọ́n pín in sí ojú kéékèèké, ojú kọ̀ọ̀kan sì ní ohùn tirẹ̀. Ní 1951 ẹgbẹ́ onílù wọn kan tí wọ́n ń pè ní TASPO lọ lù ú ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnu ya àwọn òyìnbó. Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé ya ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ sọ́tọ̀ fún ìlù náà. Kí ni orúkọ ìlù náà lẹ́nu àwọn tó ni ín? 'Pan' ni. Ẹni tó ń lù ú, onípáànù ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Kí páànù tó dé, koríko àti ewé la fi ń bo ilé nílẹ̀ Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́, bẹẹrẹ ni. Odidi ọdún ni wọ́n ń ṣe fún un, tí àwọn ìlú á kó bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin. Níbi tí igbó ti kí, ewé gbòdògì ni. Ní Àkókó tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, ohun tí ọwọ́ bá tó ni: koríko, imọ̀ ọ̀pẹ. Ilé koríko tutù lọ́sàn-án, òjò kì í pariwo lórí rẹ̀, èyí sì ni mo fi ń dá àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lóhùn. Ṣùgbọ́n iná ọyẹ́ kan ṣoṣo lè ti ilé kan dé ilé ogún, eku ń gbé e, ejò ń tẹ̀ lé eku, ọdún mélòó kan ni yóò sì jẹrà tí wọ́n á tún un bò. Nígbà tí owó kòkó dé, páànù ni ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ fi í rà.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ kan páànù ládùúgbò, ilé rẹ̀ di àmì. "Tó o bá dé ilé onípáànù, yà sọ́wọ́ òsì." Bàbá àgbà mi sọ fún wa pé òun jẹ àǹfààní irú àmì yẹn fún ọdún mẹ́ta gbáko, kí aládùúgbò kejì tó kan tiẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ràn ọkùnrin náà mọ́.

Káfíńtà tó bá mọṣẹ́, ẹ wo ọwọ́ ẹ̀. Kì í kan ìṣó sínú kòtò páànù, orí ibi tó ga ló ń kàn án, torí inú kòtò lomi ń gbà. Ìṣó náà ní fìlà fẹ̀ǹgẹ̀ lórí tó fi ń bo ojú ihò. Tó bá fẹ́ gbé páànù kan lé èkejì, á kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìjì ti ń wá. Lọ́dọ̀ wa, apá ìlà oòrùn ni ìjì àkọ́rọ̀ ti ń jà wá, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí etí páànù tó wà lókè kẹ̀yìn sí i, kí atẹ́gùn má baà ráyè ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá béèrè, ẹ sanwó oúnjẹ fún un, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Mo ti sanwó ìwé tèmi. Nígbà tí mo fẹ́ tún òrùlé ìyá mi ṣe, mo wọ ìsọ̀ kan láti ra ìdì páànù méjì, ogún páànù nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà ní gẹ́ẹ̀jì mélòó. Mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé mi ò mọ̀. Mo ní, "Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé e fún mi. Ẹ̀yin ará, tí nọ́ńbà gẹ́ẹ̀jì bá ti ń ga, páànù ń tín-ín-rín ni. Èyí tó fẹ́lẹ́ jù nínú ìsọ̀ ni mo fi ẹnu ara mi rà. Ìjì àkọ́kọ́ ọdún náà ká a bí ẹní, ó gbé e lé orí igi máńgòrò aládùúgbò. Ìyá mi kò bú mi. Ó kàn ní kí n lọ bá òun mú páànù òun wálẹ̀, kó tó di pé wọ́n fi ṣe ilé adìẹ.

Lónìí, alumíníọ̀mù ló gbòde, kò ní irin, kì í sì í dípáàrà bíi ti tẹ́lẹ̀, orúkọ náà sì tẹ̀ lé e: páànù alumíníọ̀mù. Ṣùgbọ́n irú kan tún ti dé, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní kolobo-kolobo, tí wọ́n kùn ní pupa tàbí búlúù. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó bá kan irú rẹ̀ kì í fẹ́ ká pè é ní páànù. "Step tile ni o," ni yóò sọ, bí ẹni pé ẹ bú u. Ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ń yangàn ti di ọ̀rọ̀ tálákà lẹ́nu tirẹ̀. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé amọ̀ àwọn ará Họ́lańdì yẹn, abọ́ orí òrùlé yẹn gan-an, ni wọ́n ń fi páànù fẹ́lẹ́ sín jẹ. Ó tẹ̀ bí abọ́, Gẹ̀ẹ́sì á pè é ní 'pan'. Páànù fẹ́lẹ́ ni, Yorùbá á pè é ní páànù. Nínú gbogbo òrùlé tó wà ní Àkókó, òun nìkan ló jẹ́ páànù lọ́nà méjèèjì, òun náà sì ni ẹni tó ni ín ń fi orúkọ náà tijú.

Ní ti ọmọ wa, mo ti jókòó tì í. Mo sọ fún un pé òyìnbó béèrè ìrísí lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ara nǹkan dáhùn. Ó ní ṣé kí òun lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún tíṣà. Mo ní kó kọ́kọ́ ya furaipáànù. Ó yà á, ó yà á dáadáa, ẹyin méjì wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún ya ilé kan sí ẹ̀yìn bébà náà, níbi tí kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Àwa ará Ìṣùà ní èdè tiwa tó yàtọ̀ sí Yorùbá, èyí tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní Uhami, tí wọ́n sì kà mọ́ ẹbí èdè Ẹ̀dó. Àwọn ará Ẹ̀pìnmì ní tiwọn náà nínú ẹbí kan náà. Àwọn baba ńlá wa ti ń fi èdè yẹn pe òrùlé kí Palmer tó bí irin onígbì rẹ̀. Koríko náà ní orúkọ, okùn tí wọ́n fi dì í ní orúkọ, ṣóńṣó orí ilé ní orúkọ. Páànù dé, ó gba iṣẹ́ gbogbo wọn, ọmọ tí kò bá sì rí nǹkan kì í béèrè orúkọ rẹ̀. Tí bàbá tàbí ìyá àgbà kan bá wà nílé yín tó ti sùn lábẹ́ koríko rí, ẹ pa rédíò yìí tí mo bá ti ṣe tán, ẹ lọ jókòó tì wọ́n, ẹ béèrè orúkọ mẹ́ta yẹn lọ́wọ́ wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é gan-an, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò yìí, a ó kà á síta.